Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ, èsì tí a ń retí: bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe lè gba ìfọkàntán ará ìlú padà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún ọmọ. Àrùn tó ń dènà rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 8,000 obìnrin ló pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2020 nìkan. Síbẹ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó gbé kúlà wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ohùn ti ń fò kiri lórí WhatsApp pé wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọbìnrin wa di àgàn. Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, ní láti jáde sọ fún gbogbo ayé pé òun ní ọmọbìnrin mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti gba abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn tó kàwé máa ń yára pe irú ìbẹ̀rù yìí ní àìmọ̀kan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature Human Behaviour. Orílẹ̀-èdè 68 ni wọ́n ti bi àwọn ènìyàn tó lé ní 70,000 léèrè bí wọ́n ṣe fọkàn tán àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó. Ipò kẹta ni Nàìjíríà wà, lẹ́yìn Íjíbítì àti Íńdíà. A ṣíwájú Amẹ́ríkà, a ṣíwájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ṣíwájú Jámánì. Òótọ́ ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti bi ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí léèrè, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà tí kò ní ju fóònù kékeré lọ lè má sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn náà ló ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́, òun náà ló ń sáré lọ ra oògùn ibà nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Kò bá sáyẹ́ǹsì jà. Ẹni tó gbé e wá ló ń fura sí. Ta ló rán yín? Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe? Bí ẹ bá sì gba ohun tí ẹ wá gbà tán, ṣé a óò tún fojú kàn yín?

Orí ìbéèrè kẹta yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àìfọkàntán, ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò padà wá jábọ̀ ló dá a sílẹ̀. Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Kánò, níbi tí ọgbẹ́ yìí ti jinlẹ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wa, ká tó padà wálé sí Ìbàdàn.

Kánò, ọdún 1996

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, àrùn yírùnyírùn jà ní apá Àríwá Nàìjíríà bí kò ṣe jà rí. Ó lé ní 11,000 ènìyàn tó bá a lọ. Ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àrùn tó ń ràn ní ìlú Kánò kún àkúnya, àwọn òyìnbó dókítà àjọ Médecins Sans Frontières sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi oògùn tí gbogbo ayé ti mọ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn. Inú ọgbà kan náà ni ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà gbé oògùn tuntun kan dé, tó ń jẹ́ Trovan. Wọ́n kó ọmọ 200 sínú ìwádìí náà. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní ceftriaxone, tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: márùn-ún nínú àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó lo èkejì. Àwọn òbí sọ pé àwọn kan nínú àwọn tó yè di adití, àwọn kan fọ́jú, àwọn mìíràn yarọ.

Ẹ fara balẹ̀ wo iye yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ilé iṣẹ́ náà yóò sọ pé Trovan kò pa ju oògùn kejì lọ, yóò sì fi kún un pé àrùn yírùnyírùn fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọmọdé di adití. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí àwọn òbí wọ̀nyẹn ń rò kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ìtọ́jú ni àwọn rò pé ọmọ àwọn ń gbà, bíi ti àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ilé iṣẹ́ náà ní òun ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì fi ẹnu gbà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n ní ìdánwò tí kò bófin mu ni.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kò sí bí abẹ onígbàjámọ̀ ṣe mú tó, kò sí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dán tó, bí olórí kò bá mọ̀ sí i, ó ti ṣẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé bí iṣẹ́ àwọn bá ti dára, ó ti tán. Wọ́n máa ń fi iye àwọn tó yè dá ẹni tó ń béèrè ìdí tí wọn kò fi bi òun léèrè lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà rìn títí. Ní ọdún 2000, ìwé ìròyìn Washington Post tú u síta. Ní 2009, lẹ́yìn ọdún 13, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nítorí ẹjọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò pè é, láìgbà pé òun ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó yẹn tó dé, ìyà ti jẹ àwọn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Nígbà tí oògùn ọ̀fẹ́ di ohun ìfura

Ní ọdún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé ní Àríwá láti kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan dìde pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Wọ́n ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ní kòkòrò HIV wà níbẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni Datti Ahmed, olórí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Sharia ní Nàìjíríà. Dókítà ìṣègùn sì ni òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé àìkàwé ló fà á, kó kọ́kọ́ dáhùn èyí ná.

Kánò dá ètò náà dúró fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gba inú Nàìjíríà jáde, ó sì dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20, kódà ó dé Indonesia. Ní 2006, ọmọ tó lé ní 1,100 ni ó mú ní Nàìjíríà.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ń béèrè nígbà náà, èmi ò sì rò pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Wọ́n ní: ibà ń pa ọmọ wa, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, bí a bá gbé wọn dé ọsibítù, ẹ ó ní ká lọ mú owó wá. Rọpárọsẹ̀ tí a kì í sáàbà rí, òun lẹ wá ń gbé oògùn rẹ̀ wá bá wa nínú yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àrùn kan yìí fi ká yín lára tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, yóò sá. Ní Kánò, wọ́n ṣì ń dárúkọ àwọn ọmọ 1996 nínú ilé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kí ló wá yí ọkàn wọn padà? Ohun àkọ́kọ́ tí ìjọba ṣe ni pé wọ́n gbé oògùn náà lọ yẹ̀ wò nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì yí padà sí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù láyé. Ní oṣù Keje 2004, Gómìnà Ibrahim Shekarau gbé ọmọbìnrin rẹ̀ jáde, wọ́n kán oògùn náà sí i lẹ́nu níwájú èrò. Ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò mú ará ilé gba àlejò tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń fi ọmọ pamọ́. Àwọn mìíràn máa ń fi íǹkì kun èékánná ọmọ kí ó lè dà bíi pé ó ti gba oògùn.

Iṣẹ́ tó yanjú rẹ̀ lọ́ra, kò sì gbayì lójú ayé. Láti 2009, àwọn ọba Àríwá, pẹ̀lú Sultan ìlú Sókótó lókè wọn, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa bójú tó ètò ìlera alábọ́dé. Ọ̀rọ̀ kúrò ní ohun tí àjèjì gbé wá, ó di ti ààfin. Lẹ́yìn náà ni àjọ UNICEF àti ìjọba wá àwọn obìnrin láàárín àdúgbò fúnra wọn, tí gbogbo ènìyàn mọ ọkọ wọn, tí wọ́n mọ ilé baba wọn. Àwọn yìí ló ń lọ kí abiyamọ, tí wọ́n ń bá ṣe ìkómọ, tí wọ́n mọ ilé tí ọmọ tuntun wà kí oògùn tó dé. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti sọ di arọ náà jáde, wọ́n ń wọ́ lọ sí ojúlé àwọn tó ń kọ̀, wọ́n ń fi ara wọn ṣe àlàyé. Ohun tí mo kà sí ọgbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ìyá yẹn, wọ́n sì ṣe nǹkan sí i: wọ́n ń pa àgọ́ ìlera sí àdúgbò, wọ́n ń yẹ ara ènìyàn wò, wọ́n ń fún wọn ní oògùn ibà àti àwọn oògùn mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kán ti rọpárọsẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń kán oògùn náà ní Kánò, wọ́n tó mẹ́sàn-án. Àwọn yòókù padà sẹ́nu iṣẹ́. Iye ọmọ tí àrùn náà ń mú já wálẹ̀ láti 122 ní 2012 sí mẹ́fà ní 2014. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdánidá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè Áfíríkà tí WHO ń bójú tó. Oògùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ni wọ́n kọ̀ ní 2003, òun náà ni wọ́n ń gbà ní 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti yí padà. Ohun tó yàtọ̀ jù ni àwọn tó gbé e wá, àti bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Èkó àti Àbújá

Ẹ̀rí kejì sún mọ́ wa ju Kánò lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Gbogbo wa la rántí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ní oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ènìyàn jí ara wọn lójú oorun. Àwọn kan dèrò ọsibítù nítorí iyọ̀ àmujù, ìròyìn sì jáde pé àwọn kan kú. Ohun tó mú àrùn náà dúró ní 20 ènìyàn péré, tí ẹni mẹ́jọ nínú wọn kú, dókítà Stella Adadevoh sì wà lára wọn, ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wá ènìyàn tó tó 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn kàn, tí wọ́n sì ń padà lọ sí ilé wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Nǹkan bí ìgbà 18,500 ni wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn lójúkojú. Ẹni tó bá yọ sí ọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń béèrè bí ara rẹ ṣe rí, ó ṣòro kí àtẹ̀jíṣẹ́ òru borí rẹ̀.

Ẹ̀rí kẹta ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2021. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti fi abẹ́rẹ́ Kòrónà AstraZeneca ránṣẹ́ sí wa, èyí tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ó kọjá lóòótọ́. Ìjọba ì bá dákẹ́, wọ́n ì bá sin ín lóru. Faisal Shuaib, ọ̀gá àgbà àjọ tó ń bójú tó ètò ìlera alábọ́dé nígbà náà, kó àwọn akọ̀ròyìn lọ sí ààtàn ní Àbújá, wọ́n sì fi katakata fọ́ àwọn ìgò tó gbé abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan dání lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń gún sí òun lápá. Ìtìjú ni, òfò sì ni. Lójú tèmi, ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí ìjọba wa ṣe lásìkò Kòrónà ni.

Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn

Ó wá ku tiwa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú Ìbàdàn kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú wọn wà lára ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò jù lọ láyé.

Àwọn arúgbó Ìdíkàn, àdúgbò kan nínú ìlú náà, ló kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ayé. Láti 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbà kan fi ń ṣarán tí àwọn mìíràn kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bá àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí, nítorí náà wọ́n ń fi àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ ka ọjọ́ orí: nígbà tí báyìí ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ ti wọlé ọkọ, àbí ẹ ṣì jẹ́ ọmọdé? Ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán ọpọlọ wò, àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Wọ́n tún un ṣe ní èdè Yorùbá kó lè bá ìgbé ayé ẹni tí kò kàwé mu. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001: lọ́dọọdún, àrùn Alzheimer ń mú nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 àgbà ní Ìdíkàn, ó sì ń mú ju ẹni méjì lọ nínú 100 àgbà Adúláwọ̀ ní Indianapolis. Ìròyìn yìí lọ káàkiri ayé. Dókítà tó ń ka ìwé ní London mọ̀ ọ́n. Ṣé ọmọ-ọmọ àwọn àgbà tó jókòó dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn mọ̀ pé ìyá ńlá òun wà nínú rẹ̀?

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn 1992 ni ètò ńlá mìíràn dé, èyí tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì àwọn ènìyàn, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara tí òbí ń fún ọmọ. Ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ tó ti dàgbà, ló fún wọn ní ẹ̀jẹ̀: ènìyàn 90. Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbi tó yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò kàn gbé abẹ́rẹ́ wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n sọ ohun tí jíìnì jẹ́ ní èdè wọn, wọ́n gba ìbéèrè. Wọ́n tún fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa pè wọ́n nínú ìwé: Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn, Nàìjíríà. Kì í ṣe “ará Áfíríkà”, nítorí ènìyàn 90 kò lè ṣojú fún gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, wọn kò tilẹ̀ lè ṣojú fún gbogbo Yorùbá. Àpò ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀ náà wà ní ilé iṣẹ́ Coriell ní ìlú Camden, New Jersey. Wọ́n ń mú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ dàgbà níbẹ̀, onímọ̀ tó bá sì nílò rẹ̀ láti ibikíbi lè ra tirẹ̀. Ní 2008, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo jíìnì ẹnì kan tó jẹ́ ará Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkùnrin kan lára àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyí ni. Nọ́ńbà la mọ̀ ọ́n sí, a ò mọ orúkọ rẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ń wá ìdí tí àrùn kíndìnrín fi ń ba àwọn Adúláwọ̀ ibẹ̀ fínra ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Inú àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn yìí ni wọ́n ti rí ọ̀nà: ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì tó ń jẹ́ APOL1. Ìyàtọ̀ náà wọ́pọ̀ láàárín wa nítorí pé ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àrùn sunrunsunrun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ti bàbá tó tún gba ti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ní i ni yóò ṣàìsàn. Wọ́n ti ń dán oògùn wò báyìí tó dojú kọ jíìnì yẹn gan-an.

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba lónìí, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá bóyá wọ́n ti gbọ́ APOL1 rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí àdúgbò kan nínú ìlú yẹn tí wọn kì í tọrọ owó fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àbọ̀ ti dé New York, ó ti dé Boston. Ó yẹ kó ti dé Ìdíkàn, ní èdè tí Ìdíkàn ń sọ, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n lè bi léèrè pé: kí ni kí n wá ṣe sí i?

Irú èyí ti sú àwọn kan, wọ́n sì ti ṣe nǹkan sí i. Ní 2010, wọ́n tẹ ìwádìí jíìnì àwọn ará San ní gúúsù Áfíríkà jáde. Àwọn aṣáájú San ní ẹnikẹ́ni kò bá àwọn sọ̀rọ̀, àti pé àwọn ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kan àwọn lábùkù. Ní 2017, wọ́n kọ òfin tiwọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ṣèwádìí láàárín wọn: kó bọ̀wọ̀ fún wọn, kó sọ òótọ́, kó ṣe déédéé, kó bìkítà, kó sì tọ ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Mi ò rí ìdí tí àwọn ìlú wa kò fi lè ní irú rẹ̀.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá. Ní 1954, Adeoye Lambo dé Arò lẹ́bàá Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí dókítà àwọn tí orí wọn dàrú. Dípò kó ti gbogbo wọn mọ́lé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú òyìnbó, ó bá àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa gba aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sílé. Wọ́n ń san owó ilé fún wọn. Aláìsàn ń gba oògùn ní ọsibítù, ó ń padà lọ sùn sínú abúlé, ó ń bá wọn lọ sóko. Lambo tún bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ìlú ni, ó gbọ́ èdè, ó mọ ohun tí ẹbí ń bẹ̀rù. Ọ̀nà Arò yìí di ohun tí ayé wá kọ́, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO.

Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́

Kí nìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kì í fi í jábọ̀? Ìwà ìgbéraga wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní yunifásítì, ìwé tí olùkọ́ kọ sí jọ́nà òkè òkun ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó gbé e sókè. Bó bá lo ọjọ́ márùn-ún ní Ìdíkàn tó ń ṣàlàyé èsì fún àwọn ìyá ọlọ́jà, kò sí máàkì fún un. Owó ìwádìí sì ní ọjọ́ tó ń parí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé, tí ìwé bá ti jáde, owó ti tán. Owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tó ń fúnni lówó ló yẹ kó yí èyí padà: kó má san ìdá tó kẹ́yìn àfi bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn ti padà lọ jíyìn. Àwọn yunifásítì wa náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò orí rédíò ní èdè Yorùbá mọ́ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbàdàn kún fún ilé iṣẹ́ rédíò tí ará ìlú ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n sì ń pè wọlé láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ òótọ́ kan tún wà tó nira fún wọn láti sọ: “A ò tíì mọ̀.” Lásìkò Kòrónà, ohun tí wọ́n sọ nípa ìbòmú ní oṣù Kejì 2020 kọ́ ni wọ́n sọ ní oṣù Kẹfà. Ìmọ̀ ló ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ohùn líle bá sọ̀rọ̀ rò pé wọ́n purọ́ ni. Osuntokun kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti ṣe iṣẹ́ ní Òsòsà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ní nǹkan bí ọdún 1969, lórí àrùn tó ń mú kí ẹsẹ̀ àgbà máa ta gẹ́gẹ́ tí ojú sì ń ṣú. Ó ní májèlé inú gbágùúdá tí wọn kò ṣe jinná dáadáa ló fà á. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn padà débẹ̀ ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì bá àrùn náà níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá gbágùúdá náà ni lóòótọ́. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ohun tó ń dunni ni kí ìjiyàn náà máa lọ nínú ìwé, kí ará Òsòsà tó ń fi gààrí jẹun má sì gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀.

Oògùn kíndìnrín tí mo sọ yẹn ń bọ̀. Bó bá yege, àwọn onímọ̀ yóò tún wá sí ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ìyàtọ̀ jíìnì náà pọ̀ níbí. Wọn yóò wọ àdúgbò pẹ̀lú kúlà àti fọ́ọ̀mù. Ìyá àgbà kan yóò wà lórí àga níta ilé, wọn yóò kúnlẹ̀ kí i dáadáa, wọn yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ làwọn fẹ́ gbà. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n, kó tó na apá: èyí tí ẹ gbà lọ lọ́jọ́sí ńkọ́, kí ló sọ?